Irun Pupa Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìran

Ní Lomé, àti ní gbogbo etí òkun láti ibẹ̀ dé Aného, bí irun orí ọmọ bá pọ́n, àlàyé kan wà tó máa ń yá lẹ́nu: wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ti wọ ìdílé yẹn láti ayébáyé. Àlàyé náà kò ṣàdédé wáyé, torí etí òkun yìí ti rí àlejò rí. Àwọn Potogí ti ń tajà kiri níbẹ̀ kí Lomé tó di ìlú. Francisco Félix de Souza, ará Brazil tó jẹ oyè Chacha ní Ouidah, bí ọmọ rẹpẹtẹ kó tó kú ní 1849, ìdílé rẹ̀ sì tàn dé Adjido ní Aného. Ìdílé Olympio, níbi tí ààrẹ àkọ́kọ́ Togo ti jáde, mọ̀ pé Brazil ni baba ńlá wọn ti wá. Ní July 1884 ni Gustav Nachtigal, aṣojú Jámánì, bá àwọn aṣojú ọba Togoville tọwọ́ bọ̀wé, Jámánì sì jókòó ti ilẹ̀ náà títí di 1914. Faransé gbà á lẹ́yìn wọn, ó di 1960 kó tó gbéra. Ta ló máa wá sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi kọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé irun kò tó ẹni tí à ń pè wá jẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá fara balẹ̀ yẹ irun pupa orí ọmọ Lomé wò, ibi tó sábà máa ń tọ́ka sí ni ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀, tàbí abọ́ tí ọmọ náà fi ń jẹun. Ilẹ̀ Yúróòpù ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ó rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí irun pupa pọ̀ láàárín wọn jù lọ. Bí a bá kó gbogbo aráyé jọ, ẹni 1 tàbí 2 nínú 100 ni irun rẹ̀ pọ́n láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ní Ireland, wọ́n tó bí 10 nínú 100. Ní Scotland, àwọn kan ṣírò rẹ̀ sí 6, àwọn mìíràn sí 13. Bí a bá ti ń kúrò ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni iye wọn ń já wálẹ̀, nígbà tí a bá fi dé Italy àti Greece, wọ́n ti di àwárí. Àmọ́ wọ́n tún wọ́pọ̀ láàárín àwọn Udmurt, ẹ̀yà kan ní agbègbè odò Volga ní Rọ́ṣíà, tí èdè wọn kò bá ti àwọn ará Scotland tan rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn kò farasin mọ́. Mẹ́lánìn ni èròjà tó ń fún irun àti awọ ara ní àwọ̀. Oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní MC1R, òun ló ń jẹ́ kí àṣẹ dé inú sẹ́ẹ̀lì pé dúdú ni kó ṣe. Bí jíìnì yìí bá ti yí padà lọ́nà tí àṣẹ náà kò fi wọlé mọ́, pupa ni sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe. Ní 1995 ni Jonathan Rees àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tó fi èyí hàn jáde. Kí irun ọmọ tó pọ́n nípasẹ̀ MC1R, ó sábà máa ń gbà pé kó jogún ẹ̀dà tó ti yí padà lọ́wọ́ bàbá, kó sì tún jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó bá jogún ẹyọ kan lè gbé e títí dọjọ́ ikú, kí irun rẹ̀ má sọ ohunkóhun. Ní 2018, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí 350,000 èèyàn ní Britain fi kún un pé àwọn jíìnì mìíràn ń bá MC1R dá sí i, débi pé àwọn kan jogún méjèèjì, irun wọn kò sì pọ́n.

Ẹ̀dà MC1R tó ń mú irun pọ́n náà kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù, ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yí padà sì yàtọ̀, èyí tó fi hàn pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ará Dublin méjì lè jókòó tira wọn, kí irun wọn jọ ara wọn bí ìbejì, kó má sì jẹ́ orísun kan náà ló ti wá. Kí ló wá dé tí wọ́n pọ̀ lọ́hùn-ún tí wọn kò pọ̀ níhìn-ín? Ìwádìí kan tó jáde ní 2000 wo MC1R lára àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ó rí i pé ní Áfíríkà, jíìnì náà kò gba gbẹ̀rẹ́: oòrùn ilẹ̀ wa kò fojú rere wo ẹni tí mẹ́lánìn dúdú rẹ̀ bá dín kù, nítorí náà irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń parẹ́. Lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn ti rọ̀, ìyípadà tó bá ṣẹlẹ̀ lè dúró, kó sì máa bí sí i. Àwọn olùwádìí náà kò rí ẹ̀rí pé irun pupa ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní ní Yúróòpù. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Kò sí ìdílé ńlá kan tí ó jẹ́ baba gbogbo onírun pupa, kódà nínú Yúróòpù tí a ń tọ́ka sí.

Síbẹ̀, àṣà kí a máa fi irun wá baba ẹni ti pẹ́. Tacitus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ ìwé kan ní nǹkan bí ọdún 98 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Nígbà tó dé orí àwọn ará Caledonia, ìyẹn Scotland òde òní, ó ní nítorí pé irun wọn pọ́n, tí wọ́n sì sígbọnlẹ̀, ilẹ̀ Germania ni wọ́n ti ṣí wá. Ẹ̀rí tó ní kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn tún ka orí kan èèyàn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1870, Rudolf Virchow, dókítà olókìkí ní Berlin, ní kí àwọn olùkọ́ kọ àwọ̀ irun, ojú àti awọ ara àwọn ọmọ ilé ìwé sílẹ̀. Ó ju mílíọ̀nù 6 ọmọ tí wọ́n kà. Èsì rẹ̀ kò tẹ́ àwọn tó ń wá ẹ̀yà Jámánì tó mọ́ gaara lọ́rùn: àwọn ọmọ Jámánì tí kò rí bí wọ́n ṣe ń fẹnu pọ́n wọn ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 11 nínú 100 àwọn ọmọ Júù ní irun pípọ́nrúsúrúsú àti ojú tí wọ́n ní ti Jámánì pọ́ńbélé ni. Iye náà jáde ní 1886, ọdún méjì lẹ́yìn tí àsíá Jámánì dé Togo. Ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà, kò parí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Eugen Fischer, onímọ̀ ará Jámánì kan, ṣe àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to ìdìpọ̀ irun 30 sí, láti orí èyí tó pọ́n dé orí èyí tó dúdú, nọ́ńbà sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí èèyàn, wọ́n á wá èyí tó bá irun rẹ̀ mu, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Ní 1908, Fischer lọ sí Rehoboth ní Namibia, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà bí Togo ṣe wà, ó lọ wọn àwọn àtọmọdọ́mọ òyìnbó àti àwọn obìnrin Áfíríkà. Ìwé tó fi ibẹ̀ kọ ní 1913 wúlò gan-an fún àwọn Nazi lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá wo orí ọmọ ní Lomé lónìí tó sì sọ baba ńlá rẹ̀ kò ní ìkà nínú bíi ti Fischer, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ọgbọ́n náà kò sì tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó bá tiwa mu jù wà ní erékùṣù Solomon, nínú òkun Pàsífíìkì. Awọ àwọn èèyàn ibẹ̀ dúdú kirimú, ṣùgbọ́n irun ẹni 5 sí 10 nínú 100 wọn pọ́nrúsúrúsú, pàápàá láti kékeré. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un jọ ti etí òkun wa: àwọn òyìnbó atukọ̀ ló fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn kan ní oòrùn ni, àwọn kan ní ẹja tí wọ́n ń jẹ ni. Ní 2012 ni àyẹ̀wò jíìnì wọn jáde. Ìyípadà kan nínú jíìnì tó ń jẹ́ TYRP1 ló fa irun náà, ìyípadà yìí kò sì sí lára àwọn òyìnbó. Ilé ló ti ṣẹ̀. Àwọn tó ń fi Neanderthal, irú èèyàn tó ti parun ní Yúróòpù tipẹ́tipẹ́, ṣe baba onírun pupa náà bá irú èsì bẹ́ẹ̀ pàdé. Ní 2007, wọ́n rí ẹ̀dà MC1R kan nínú egungun Neanderthal láti Spain àti Italy tó ṣeé ṣe kó mú irun pọ́n, wọn kò sì rí ẹ̀dà náà lára ẹnikẹ́ni tó wà láàyè. Irun lè pọ́n lọ́nà púpọ̀, níbi púpọ̀, láìsí pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì.

TYRP1 yẹn kan náà ló gbé wa padà wá sílé. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn èèyàn kan wà tí awọ wọn pọ́n bíi bíríkì, tí irun wọn náà sì pọ́n, tí ìyá àti bàbá wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí tó jáde ní 1997 fi hàn pé TYRP1 wọn ló yí padà, lọ́nà tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti Solomon. Iye wọn níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 8,500. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àfín tí gbogbo wa mọ̀, tí awọ rẹ̀ funfun tí irun rẹ̀ sì wà láàárín ìyeyè àti pupa. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní OCA2 ló sábà máa ń fà á. Apá kan ti já kúrò nínú jíìnì náà, apá kan náà gan-an ni wọ́n sì rí pé ó já lára àfín ní Cameroon, Tanzania àti South Africa, àti lára àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ gbà pé Áfíríkà ni ìyípadà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń sọ èdè Bantu tó fọ́n ká, ìyẹn ni pé ó pẹ́ ju ọjọ́ tí ọkọ̀ Potogí àkọ́kọ́ yọ lójú òkun lọ fíìfíì. Àwọn baba wa náà kò wá òyìnbó kiri nígbà tí wọ́n bá rí àfín: Ọbàtálá ni wọ́n ní ó dá a bẹ́ẹ̀, ẹni Òrìṣà ni wọ́n sì pè é. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ inú ilé ni.

Ẹnì kan lè ní: ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó dé, wọ́n bímọ, jíìnì wọn kò sì lè fò lọ. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní òyìnbó onírun pupa kan bímọ ní Lomé ní 1900. Ọmọ náà á jogún ẹyọ kan, irun rẹ̀ kò ní pọ́n. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní àǹfààní 1 nínú 2 láti gba ẹyọ náà, ọmọ tí ìyẹn bá bí ní 1 nínú 4. Kí irun tó wá pọ́n ní ìran tó tẹ̀ lé e, ẹni yìí gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn tí òyìnbó onírun pupa mìíràn jẹ́ baba ńlá fún, kí àwọn méjèèjì ní ẹyọ náà lọ́wọ́, kí wọ́n sì jọ gbé e fún ọmọ kan náà. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 1 nínú 64, ìyẹn sì jẹ́ fún tọkọtaya tí irú baba ńlá yìí wà ní ìhà méjèèjì. Tọkọtaya mélòó ló rí bẹ́ẹ̀ ní Grand Lomé, tí iye èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 nínú ìkànìyàn 2022? Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó wá síhìn-ín pàápàá kì í ṣe onírun pupa. A ti rí i pé wọ́n kéré kódà nílé wọn. Ẹ wá fi wé àfín. Dókítà Okoro kọ ọ́ ní 1975 pé láàárín àwọn Igbo ní ìlà-oòrùn Nigeria, 1 nínú 1,100 èèyàn ni àfín. Bí a bá fi ìyẹn ṣírò, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 17 ló ń gbé jíìnì náà láìmọ̀. Èyí kan tọkọtaya èyíkéyìí, yálà òyìnbó ti gba ìdílé wọn kọjá tàbí kò gbà á kọjá. Kò sídìí tí a ó fi lọ wá ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni 1 nínú 17 lọ sọ́dọ̀ òyìnbó.

Jamaica ni wọ́n tún lè fi ta kò mí. Níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú onírun pupa wà tí MC1R òyìnbó wà lára wọn, ìwádìí kan ní 2003 sì yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò. Mo gbà. Àwọn ará Scotland àti Ireland jókòó sí Jamaica fún ọ̀rúndún púpọ̀, wọ́n bímọ sí ibi gbogbo, jíìnì náà sì lè bá ara rẹ̀ pàdé ní ìhà bàbá àti ìhà ìyá. Lomé kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì tó wà ní Togo kò pọ̀, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì lò. Ohun tí Jamaica kọ́ wa ni pé kí á wo ìtàn kí a tó wo irun.

Irun pupa kan tún kù, òun ló sì yẹ kó gba ọkàn wa jù, nítorí pé ó ń pa ọmọ. Cicely Williams, dókítà obìnrin tí wọ́n bí ní Jamaica ní 1893, dé Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, ní 1929 láti tọ́jú àwọn ọmọdé. Ní Accra, tí kò tó 200 kìlómítà sí Lomé, ó ń rí àwọn ọmọ tó ti tó ọdún kan tàbí méjì tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ wọn ń bó, tí irun wọn sì ti fi dúdú sílẹ̀ di pupa. Àwọn dókítà mìíràn rò pé àrùn mìíràn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Williams tẹ́tí sí àwọn ìyá tó ń sọ èdè Ga, àwọn tó ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni àìsàn yìí ń mú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní 1933, ó sì fi orúkọ tí àwọn ìyá náà ń pè é, kwashiorkor, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1935. Àwọn Ga kan náà ló sá fún ogun Akwamu ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún wá tẹ̀ dó sí Glidji lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aného, àìsàn yìí náà kò sì jẹ́ àjèjì sí etí òkun Togo. Wọ́n á já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, ògì àgbàdo tó ṣàn ni wọ́n á máa fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ikùn rẹ̀ á kún, ṣùgbọ́n èròjà tó ń mú ara dàgbà, tí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní, kò sí nínú ohun tó ń mu. Irun náà ń jìyà rẹ̀: ó ń fẹ́lẹ́, ó ń nà láìjẹ́ pé wọ́n nà án, ó ń pọ́n, ó sì ń já bọ́ láìsí agbára bí èèyàn bá rọra fà á.

Bí ìyà náà bá ń wá tó sì ń lọ, fọ́nrán irun kan ṣoṣo lè sọ gbogbo ìtàn rẹ̀. Ẹ mú un dání kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: níbi tó sún mọ́ orí, dúdú ni, lókè rẹ̀, ó pọ́n tàbí ó ṣí, lẹ́yìn náà, dúdú tún dé. Irun wa ń gùn díẹ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, nítorí náà ibi tó pọ́n ń sọ iye oṣù tí ọmọ náà fi pàdánù oúnjẹ gidi, ibi tó dúdú sì ń sọ ìgbà tó rí i jẹ. Bí wọ́n bá ń bọ́ ọ dáadáa, irun tuntun ń hù láti ìdí, dúdú. Nígbà ogun Biafra, láàárín 1967 àti 1970, gbogbo ayé rí àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ti sọ irun wọn di pupa. Kò sí ẹnì kankan tó sọ pé òyìnbó ni baba ńlá wọn.

Oòrùn àti omi òkun náà ń ṣí irun àwọn ọmọ apẹja lórí iyanrìn Lomé, oògùn ìpairun sì ń mú ti àwọn àgbàlagbà pọ́n ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ìwọ̀nyí kò ju ohun tí irun tuntun máa tún ṣe. Àwọn kan á ní àyẹ̀wò DNA ti dé, ó sì lè sọ orísun ẹni. Ó lè sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ojú ibi ni àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń wò pa pọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Irun ń fi ìṣe jíìnì bíi mélòó kan hàn, nígbà mìíràn kò fi jíìnì kankan hàn rárá, àìjẹunkánú ni. Ẹni tó wà nínú ìdílé de Souza tí irun rẹ̀ dúdú bí èédú lè ní baba ńlá láti Potogí, àfín Atakpamé tí wọ́n ń sọ èdè Ifẹ̀ nílé wọn lè má ní òyìnbó kankan nínú ìran rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àlàyé ẹ̀jẹ̀ òyìnbó máa ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò ti yẹ. Bí wọ́n bá ti sọ pé ìran ló fà á, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ni ọmọ náà jẹ lánàá, tàbí pé ta ló ra fìlà tó ń dènà oòrùn fún un. Ẹ̀yin òbí, bí irun ọmọ yín bá dúdú nígbà tí ẹ bí i, tó wá ń pọ́n lẹ́yìn tí ẹ já a lẹ́nu ọmú, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí ìka bá wọlé níbi tí ẹ tẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọ̀la. Bí ó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ ìbí ni irun àti awọ rẹ̀ ti pọ́n, tí ojú rẹ̀ kò sì dúró lójú kan, àfín ni. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn fún un, ẹ dé e ní fìlà tó ní etí gbọọrọ, ẹ má jẹ́ kó máa ṣeré nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kó fi í sí iwájú kíláàsì, ẹ sì jẹ́ kí dókítà awọ máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé, nítorí jẹjẹrẹ awọ ara ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àfín ilẹ̀ Togo wà ní Lomé, ọjọ́ 13 oṣù June ni gbogbo ayé sì yà sọ́tọ̀ fún wọn láti 2015. Ẹ wá wọn lọ.